Abẹ́rẹ́ Ọjọ́ Àlàmísì

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Sàká gba òwe yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, á gé e. Bó bá le, á rọ̀ ọ́. Bí ìtìjú bá wà nínú rẹ̀, á gbé e mì. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mìsítúrà, ti dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ìwó. Mìsítúrà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sàká ni ẹnu wọn, òun náà ni etí wọn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sàká kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ọ̀nà láti Peckham dé Surrey Quays bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ pé kí èrò má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Hameedah, ìyàwó rẹ̀, a máa lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Bó bá jáde láàárọ̀, ó di àṣálẹ́. Ọmọ wọn, Waris, ti ní ilé tirẹ̀. Sàká fúnra rẹ̀ kì í gbélé. Bó bá ti kírun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á jókòó síbẹ̀ di Alásàrí. Mìsítúrà nìkan ló máa ń wà nínú fláàtì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ kánsù pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ èdè wọn.

Mìsítúrà ló tọ́ Sàká. Ìgbà tí ìyá wọn kú, Sàká ṣì ń rákòrò. Ẹ̀yìn Mìsítúrà ló dàgbà sí. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń pò ní Ìwó, ìdí ìkòkò ọṣẹ yẹn ni Sàká ti kọ́ ìrìn, owó ọṣẹ náà ló sì fi kàwé. Nígbà tí ọkọ Mìsítúrà kú, Sàká lọ sílé, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ palẹ̀ mọ́." Kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ó fi ayálégbé sínú ilé wọn, ó sì fi ìkòkò ọṣẹ ta àwọn ará àdúgbò lọ́rẹ. Nígbà tó padà dé Peckham, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń kí i. "Sàká, o ṣe é o. Ọlọ́hun á fún ọ ní láádá rẹ̀." Ìkíni yẹn ń dùn mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, á ní ara wọn le.

Ara wọn kò le. Èjìká ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ti fi ń ro ọṣẹ lórí iná kò kéré, èjìká náà wá gan. Nígbà tí òtútù ọdún kejì wọlé, wọn kò lè gbé apá débi tí wọ́n á fi wé ìborùn fúnra wọn. Dókítà àdúgbò fún wọn lóògùn ìrora, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó bi Sàká bóyá nǹkan mìíràn wà. Sàká ní kò sí, èjìká lásán ni.

Ẹnìkan ní mọ́ṣáláṣí ló júwe Ìyáàfin Lin fún un. Òkè ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane ni obìnrin ará Ṣáínà náà ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń wọ Peckham Rye, fèrèsé rẹ̀ a máa gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ ló fi ń tọ́jú èèyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fa oògùn sí. Kò ní ihò nínú, kò sì nípọn ju irunmú ológbò lọ.

Ọjọ́ Àtàláátà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà ní kí Mìsítúrà yọ ahọ́n. Ó wo ahọ́n náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ wọn, ó dijú.

Mìsítúrà ní, "Sàká, kí ló ń wá níbẹ̀? Èjìká ló ń dùn mí, kì í ṣe ọwọ́."

Sàká béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà la ẹnu, ó sì ṣàlàyé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kì í ka iye ìgbà tí iṣan ń lù. Ojú mẹ́ta ló wà lọ́rùn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ojú kọ̀ọ̀kan ló sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀yà kan nínú ara. Òun ń gbọ́ bóyá iṣan léfòó tàbí ó rì, bóyá ó kún tàbí ó ṣófo, bóyá ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka tàbí ó ń ha.

Sàká yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ó ní òun ń gbọ́ bí inú yín ṣe rí."

"Gbogbo ohun tó sọ láti àárọ̀ nìyẹn?"

"Òun náà nìyẹn, Àǹtí mi."

Obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó sọ yìí wọ Sàká létí, nítorí ó jọ iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Àǹtí mi, ọ̀nà méjìlá ló wà lára èèyàn, bí ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀yà inú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró wà, ti ìfun ńlá wà, ti kíndìnrín wà. Ohun tó ń gbà wọ́n kọjá ni wọ́n ń pè ní ṣíì. Agbára tó ń mú ara ṣiṣẹ́ ni. Ojú tí wọ́n ń gún dà bí ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá dákú sí ibùdó kan, gbogbo ẹ̀yìn á dí. Ibi tó bá dí ni ìrora ń jókòó sí."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n òun àti ẹ̀jẹ̀ jọ ń rìn ni."

Mìsítúrà ronú. "Èmi ò wa bọ́ọ̀sì rí. Ṣé bí ajere tí a fi ń sẹ́ omi eérú ni? Bí ihò ajere bá dí, omi á dúró lókè, ìsàlẹ̀ á gbẹ. Kì í ṣe pé omi tán. Kò rọ́nà ni."

Sàká sọ èyí fún obìnrin náà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lu bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé lédè tiwọn, ihò ni wọ́n ń pe ojú tí wọ́n ń gún. Ó fi apá ara rẹ̀ hàn wọ́n. Inú apá jẹ́ yin, ẹ̀yìn apá jẹ́ yang. Yin ni ẹ̀gbẹ́ òkè tí òjìji wà, yang ni ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa. Òkè kan náà ni. Bí oòrùn bá yí, wọ́n á gba ipò ara wọn. Èjìká tó ń dùn yìí, ẹ̀gbẹ́ oòrùn ló wà, lójú ọ̀nà ìfun ńlá.

Ó gún abẹ́rẹ́ kan sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Orúkọ ibẹ̀ ni Àfonífojì Ìpàdé. Ó gún òmíràn sí ìgbùnwọ́. Adágún Ìgbùnwọ́ lorúkọ ìyẹn.

"Àfonífojì lọ́wọ́, adágún nígbùnwọ́," ni Mìsítúrà wí. "Ara mi ti di ìlú. Ta ni baálẹ̀ ibẹ̀?"

Obìnrin náà yí abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó béèrè bóyá ó ń ta wọ́n tàbí ó wúwo. Mìsítúrà ní kò ta, ó wúwo ni, nǹkan kan sì ń rìn lọ sókè. Obìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń wá nìyẹn. Ó ní ṣíì ti dé síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, obìnrin náà di Sàká lápá aṣọ mú, ó tún sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ó ní a kì í gún ẹni tí ebi ń pa. A kì í gún ẹni tó mutí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, tàbí ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Ẹni tí ebi ń pa, ṣíì tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan. Abẹ́rẹ́ á pe gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, orí á ṣófo, onítọ̀hún á ṣubú. Kí wọ́n rí i pé wọ́n jẹun kí wọ́n tó wá.

Àsìkò Àìlà ti ń lọ. Mìsítúrà béèrè pé kí ló wí.

Sàká ní, "Ó ní kí ẹ máa sinmi dáadáa."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, apá Mìsítúrà gòkè dé etí. Wọ́n dúró níwájú dígí, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Inú Sàká dùn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ láago pé òun ti sún ìpàdé wọn sí ọjọ́ Àlàmísì.

Mìsítúrà a máa gba ààwẹ̀ nọ́fílà, èyí tí kò pọn dandan, ní ọjọ́ Àtìní àti ọjọ́ Àlàmísì. Wọn kì í pa á jẹ láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Wọn kì í sì sọ ọ́. "Ààwẹ̀ nọ́fílà tí a bá pariwo," ni wọ́n máa ń wí, "ó ti di ìpolówó ọjà." Sàká àti Hameedah nìkan ló mọ̀, Mìsítúrà sì ti kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì pé wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnìkẹta gbọ́.

Nígbà tí Àlàmísì náà pé, orí àtẹ̀gùn Ìyáàfin Lin ni Sàká wà nígbà tó rántí ohun tí obìnrin náà sọ nípa ebi. Ó dúró. Ó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí àwọn padà sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ìdí, ìdí náà sì ni pé obìnrin náà ti kìlọ̀, òun Sàká ló gbé ìkìlọ̀ mì. Ìyẹn ni kò lè sọ. Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Obìnrin náà fi ìka lé ọrùn ọwọ́ Mìsítúrà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní iṣan yìí rì, ó tín-ín-rín, ó ṣófo. Ó kó ìka rẹ̀ jọ sẹ́nu ara rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Sàká ní, "Wọ́n jẹun dáadáa."

Mìsítúrà wo ojú Sàká. Sàká wo fèrèsé. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá.

Abẹ́rẹ́ kẹta ni obìnrin náà ń yí nígbà tí Mìsítúrà ní ilé ń dúdú. Òógùn bo iwájú orí wọn. Ètè wọn funfun. Ojú wọn yí, orí wọn sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin náà fa abẹ́rẹ́ yọ kíákíá. Ó tẹ́ wọn gbalaja, ó gbé ẹsẹ̀ wọn lé tìmùtìmù, ó fi èékánná tẹ abẹ́ imú wọn, níbi tó wà láàárín imú àti ètè. Ó ń pè wọ́n lédè Ṣáínà. Sàká dúró sójú kan. "Àǹtí mi" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mìsítúrà mí kanlẹ̀. Obìnrin náà gbé orí wọn sókè, ó fi tíì gbígbóná tó dà ṣúgà sí kàn wọ́n lẹ́nu, wọ́n mu ún. Wọ́n mu ún tó ìdajì kí ojú wọn tó wálẹ̀, kí wọ́n tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé ife náà sílẹ̀.

"Ààwẹ̀ mi," ni wọ́n wí, omi sì bọ́ lójú wọn.

Obìnrin náà béèrè pé kí ni wọ́n wí.

Sàká ní, "Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Obìnrin náà kó àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Ó ní òun ti gún un jinlẹ̀ jù, ọwọ́ òun le jù fún ẹni tí iṣan rẹ̀ rì bẹ́ẹ̀, kí Sàká bá òun bẹ̀ wọ́n. Sàká mi orí pé òun gbọ́. Kò bá a bẹ̀ wọ́n. Ó wọ bàtà sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí Hameedah dé, tó gbọ́, ariwo ló ta. "Bàbá Waris, obìnrin yẹn fẹ́ pa Mọ̀mí ni! Kí ló ń gún tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó fún un níwèé àṣẹ wà, mo máa ripọ́ọ̀tù ẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo máa jókòó kọ ọ́ sí wọn."

"Ní sùúrù," ni Sàká wí.

"Sùúrù kí ni? Ṣé kó pa ẹlòmíràn kí n tó kọ̀wé?"

Mìsítúrà wà lórí àga, wọ́n ń wo Sàká. Sàká kò lè jẹun. Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú yìí fẹ́ kọjá lára rẹ̀ lọ bo obìnrin tí kò da nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó pàdé Ìyáàfin Lin ní Rye Lane níbi tó ti ń ra ata ilẹ̀. Obìnrin náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Sàká mú. Ó ní láti àná, òun ò lè ti abẹ́rẹ́ wọlé dáadáa mọ́ lára ẹnikẹ́ni, ọwọ́ òun ń fà sẹ́yìn. Ó ní kó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ń ro wọ́n. Sàká ní òun á sọ. Ó wọ mọ́ṣáláṣí, ó kírun, kò mọ ohun tó kà. Bí ìrun ti parí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbá a léjìká. "Sàká, ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ìtọ́jú tí ò ń ṣe fún wọn, ọmọ inú gan-an kò lè ṣe é." Sàká wá bàtà rẹ̀, ó jáde, kò jókòó.

Ní Sátidé, Hameedah wà níbi iṣẹ́. Mìsítúrà pe Sàká wá síwájú wọn.

"Obìnrin yẹn bi ọ́ ní ìbéèrè kan."

"Èwo, Àǹtí mi?"

"Má ṣe 'èwo' fún mi. Ó kó ìka jọ sẹ́nu. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn ń wí. O ní mo ti jẹun."

Sàká yíjú sí ògiri.

"Mo rí i lójú ẹ. Láti kékeré ni, tó o bá ń parọ́, ibi tí kò sí nǹkan kan lò ń wò."

"Kí ló dé tí ẹ ò mi orí fún un pé rárá nígbà náà?"

"Níwájú àlejò? Kí n sọ ọ́ di òpùrọ́ níwájú ẹni tí a ò mọ ilé baba rẹ̀?" Wọ́n fa ìborùn wọn wá síwájú. "Mo ní bóyá o kàn ń bo ààwẹ̀ mi láṣìírí ni. Mo ní kò ní pa mí."

Ìyẹn ló fọ́ Sàká. Bí wọ́n bá ti bú u, ì bá sàn. Ó kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀. Ó sọ ọ́ pátá. Ó ní obìnrin náà ti sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé a kì í gún ẹni tí ebi ń pa, pé onítọ̀hún lè ṣubú. Òun ló gbé e mì. Ó ní nígbà tí wọ́n sunkún ààwẹ̀ wọn, "ẹ ṣeun" ni òun túmọ̀ rẹ̀ sí. Ó ní obìnrin náà bẹ̀ wọ́n, òun kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó tún ránṣẹ́ sí wọn lánàá, òun kò jẹ́ ìyẹn náà.

Mìsítúrà pa tẹlifíṣọ̀n.

"Èyí ni mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún mi, o fi pa mọ́ fún mi. Sàká, kí lo tún ti fi pa mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé?"

Sàká dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Àǹtí mi."

"Dìde nílẹ̀. Lọ bá obìnrin tí ìyàwó rẹ fẹ́ kọ̀wé lé lórí."

Nígbà tí Hameedah wọlé, Sàká kò jẹ́ kó bọ́ kóòtù kó tó sọ fún un. Hameedah wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣebí bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ti ní kí èrò má bá yín sọ̀rọ̀. Ṣé Mọ̀mí náà ti di èrò ni?"

Kò kọ̀wé mọ́. Kò sì bá Sàká sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ Àtàláátà ni Sàká àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà kí wọ́n tó jáde. Sàká dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sọ tẹnu rẹ̀ láìjókòó. Ó ní, "Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, mo parọ́. Ẹ̀bi yín kọ́."

Ìyáàfin Lin kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní gbogbo àwọn tí òun gún láti ọjọ́ náà, ìdajì iṣẹ́ ni òun ṣe fún wọn nítorí ẹ̀rù. Ó ní iṣẹ́ òun kò ní ẹ̀rọ tó ń wo inú ara. Wíwò, gbígbọ́, bíbéèrè àti fífọwọ́ kàn, mẹ́rin náà nìyẹn. Bí wọ́n bá parọ́ sí bíbéèrè, ó kù mẹ́ta, ẹsẹ̀ àga kan ti kán. Láti òní lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun bá sọ, kó wọ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n bá sọ, kó wọ etí òun. Bó bá tún gé e, kó wá ògbufọ̀ mìíràn.

Mìsítúrà béèrè ohun tó wí. Sàká sọ ọ́ tán, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àga.

"Ó ṣe é," ni Mìsítúrà wí.

Ìyáàfin Lin bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè. Ṣé òtútù ń mú wọn tàbí ooru? Ṣé wọ́n ń làágùn lójú oorun? Ṣé oúnjẹ ń wù wọ́n? Báwo ni ìgbẹ́ wọn ṣe rí, ṣé ó le tàbí ó rọ̀? Ibẹ̀ ni Sàká ti ṣí fìlà. Ó ń yí i ká lọ́wọ́.

"Kí ló wí?"

"Ó ní... Àǹtí mi, nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni."

"Kí nípa rẹ̀? Bi mí dáadáa! Tìrẹ tí mo fọ̀, ta ni mo bò ó fún?"

Ìyáàfin Lin kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Sàká béèrè, wọ́n fèsì, ó túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin náà fọwọ́ kan èjìká wọn. Ó ní ọ̀nà tó gba ibí kọjá, ti ìfun ńlá ni. Òun àti ti ẹ̀dọ̀fóró, tọkọtaya ni wọ́n, ohun tó bá ṣe ọ̀kan á kan èkejì. Nínú ìmọ̀ tiwọn, ìbínú ń gbé inú ẹ̀dọ̀, ìbẹ̀rù ń gbé inú kíndìnrín, ìbànújẹ́ sì ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣan ẹ̀dọ̀fóró wọn kò lágbára rárá. Kí ló ń ba wọ́n nínú jẹ́?

Sàká túmọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun kò bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí rí.

Mìsítúrà wo àjà. "Sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sílé. Sọ pé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò rí ẹni sọ 'ẹ kú ilé' fún. Sọ pé mo máa ń bá ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sọ̀rọ̀, torí òun nìkan ló ń dún. Sọ pé àbúrò mi mú mi wá síbí, mi ò bẹ̀ ẹ́. Má gé e."

Sàká gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ti 'ẹ kú ilé'. Ó sọ ti ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi àbúrò, ó dúró, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́. Kò gé e.

Obìnrin náà yíjú sí i. "Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ọ?"

"Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Kí lẹ jọ ń sọ?" ni Mìsítúrà béèrè.

"Mo ní ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí."

"O ò bi mí rí."

Sàká túmọ̀ ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó rán an.

Obìnrin náà gún abẹ́rẹ́. Ó rọra ń gún un, ó ń béèrè, Sàká ń béèrè tẹ̀lé e. Nígbà tó di pé kí wọ́n máa lọ, ó ní òun lè ṣí ojú ọ̀nà èjìká, ṣùgbọ́n fláàtì tó ṣófo kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Sàká túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí.

Wọ́n dúró ní ibùdókọ̀. Èrò ń wọ́ lọ, wọ́n ń wọ́ bọ̀. Mìsítúrà ní, "Ilé mi ńkọ́?"

"Ayálégbé ló wà níbẹ̀."

"Ta lo bi kó o tó gbé e fún wọn?"

"Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

"Ìkòkò mi?"

"Mo fi tọrẹ."

Wọ́n gbọ́, wọ́n sì kọjú sí títì. Sàká rò pé òun ti mọ ìwọ̀n ohun tí òun ṣe. Kò mọ̀ ọ́n tán. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe Làtíìfù, ọmọ àbúrò bàbá wọn tó ń bójú tó ilé náà ní Ìwó.

Làtíìfù gbé e. "Ẹ̀gbọ́n Sàká! Ẹ kú àtijọ́. Ṣé dáadáa ni? Àǹtí ńkọ́, ṣé ara wọn le?"

Èsì tó máa ń fún èèyàn ti dé ahọ́n rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mìsítúrà fi ọwọ́ òsì gbà á, torí ọ̀tún kò tíì lè dé etí pẹ̀lú ẹrù.

"Làtíìfù, èmi ni. Rárá o, ara mi ò le. Wá ibi kan jókòó sí, ọ̀rọ̀ náà gùn."

Bọ́ọ̀sì wọn dé, ilẹ̀kùn ṣí. Sàká juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ.